Ta ló ni orúkọ ọṣẹ mi, èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ àbí ẹni tó sáré lọ sí Abuja?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọṣẹ dúdú ni mò ń ṣe, Òkè-Fìà níbí ni mo wà l'Òṣogbo. Ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì mi ni "Ọṣẹ Dúdú Òṣogbo Àwẹ̀dán", àwòrán odíde kan sì wà láàárín ẹ̀ tí àbúrò ọkọ mi bá mi yà. Mo ti forúkọ yẹn sílẹ̀ ní CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, ìwé ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ọmọ kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, tí mo ti ṣe fírídọ́ọ̀mù fún, ló wá ń ta tiẹ̀ ní Ìgbọ̀nà báyìí, orúkọ kan náà, ẹyẹ wà lára tiẹ̀ náà, àwọ̀ lébẹ́ẹ̀lì ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Mo pè é, ó ní òun ti ń ṣe trademark ẹ̀ l'Abuja, pé tó bá ti jáde, èmi ni màá wá orúkọ míì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ l'Abuja, ta ló sì ni ín?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fọkàn yín balẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ò tíì bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò gbọ́dọ̀ jókòó tì í o, torí nínú ọ̀rọ̀ trademark, ẹni tó bá sùn, ẹlòmíì á ti kọjá.

Ìwé CAC yẹn ni ká kọ́kọ́ gbé kúrò nílẹ̀, òun ló ń tan ọ̀pọ̀ oníṣòwò jẹ. Ohun tí CAC fún yín ni orúkọ tẹ́ ẹ fi ń ṣòwò, kí báńkì lè ṣí àkántì fún yín, kí ìjọba mọ ẹni tó wà nídìí ẹ̀. Kì í ṣe àmì tó wà lára ọjà. Àmì ara ọjà, ìyẹn trademark tí ọmọ yẹn ń sọ, iléeṣẹ́ míì ló ń bójú tó o, Trademarks Registry tó wà lábẹ́ Federal Ministry of Industry, Trade and Investment l'Abuja, òfin tí wọ́n sì ń lò ni Trade Marks Act tí wọ́n ti ṣe látọdún 1965. Ẹ lè ní ìwé CAC lọ́wọ́ kí ẹlòmíì ní trademark orúkọ yẹn gan-an lórí ọṣẹ, tó bá sì dọ̀rọ̀ ohun tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ara ọṣẹ, ìwé tọ̀hún ló máa borí. Kódà òfin CAMA ti 2020, ìyẹn òfin tí CAC fi ń ṣiṣẹ́, sọ fún CAC fúnra ẹ̀ pé kó má fọwọ́ sí orúkọ tó bá tako trademark tó ti wà nílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, ẹ má ju ìwé CAC sílẹ̀ bíi pé ó ti parí.

Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀? Èyí ò le. Ohun tí òfin sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ pé òun lòún ni àmì kan, tó ń lò ó tàbí tó fẹ́ máa lò ó, lè kọ̀wé béèrè. Ìyẹn ni pé èèyàn kan ṣoṣo lè ṣe é, iléeṣẹ́ lè ṣe é, àwọn tó jọ dòwò pọ̀ lè ṣe é, ará òkè òkun náà lè ṣe é tó bá ti ní aṣojú níbí. Ẹ ò tiẹ̀ nílò kẹ́ ẹ ti máa ta ọjà náà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí mo ti máa ń rí wàhálà ni orúkọ tí wọ́n ń kọ sórí fọ́ọ̀mù: business name tẹ́ ẹ ṣe ní CAC kì í ṣe èèyàn lójú òfin, kò lè ní dúkìá fúnra ẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀ lẹ ni ohun gbogbo. Orúkọ yín gan-an ni kẹ́ ẹ fi kọ ọ́, kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ̀ ń ṣòwò lórúkọ báyìí báyìí. Tó bá jẹ́ limited lẹ ní, ìyẹn iléeṣẹ́ tó dá dúró bí èèyàn lójú òfin, ìyẹn yàtọ̀, iléeṣẹ́ yẹn lè ni ín.

Àmọ́ ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa, "ẹni tó ń sọ pé òun lòún ni". Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, tó bá orúkọ lára ọṣẹ lọ́jọ́ tó dé, báwo ló ṣe máa sọ pé òun lòún ni ín? Ibi tí ẹsẹ̀ tiẹ̀ ò ti ranlẹ̀ nìyẹn, a máa padà síbẹ̀.

Ìṣòro tiyín mà, tí mo rò pé ẹ ò tíì rí, ni pé orúkọ tẹ́ ẹ̀ ń jà lé lórí yẹn, bó ṣe wà yẹn, ó ṣeé ṣe kí Abuja má fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. "Ọṣẹ dúdú", orúkọ ọjà fúnra ẹ̀ nìyẹn, gbogbo ẹni tó ń fi eérú èèpo kókó àti àdín se ọṣẹ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é bẹ́ẹ̀, ìjọba ò ní gbà á lẹ́nu gbogbo ayé kó wá kó o fún ẹnì kan. "Òṣogbo", ìlú ni, òfin sì sọ ọ́ ní tààrà pé ọ̀rọ̀ tó bá jẹ́ orúkọ ìlú tàbí orúkọ ìdílé, ìyẹn sọ́nèèmù, kì í ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Ó kù "Àwẹ̀dán". Mo mọ̀ pé èyí ló máa dùn yín, torí ọkàn yín ló ti jáde, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ ni pé èèyàn máa wẹ̀, á dán, iṣẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe ló ń júwe. Ọ̀rọ̀ tó bá ń sọ bí ọjà ṣe rí tàbí bó ṣe dáa tó ní tààrà, òfin ò gbà á, kẹ́ ẹ má sì rò pé torí pé Yorùbá ni ará Abuja ò ní mọ̀, wọ́n máa ń ní kẹ́ ẹ kọ ìtumọ̀ ẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà tí ọmọ yẹn bá kọ gbólóhùn yìí lásán ránṣẹ́, ó lè jẹ́ lẹ́tà "a ò gbà á" ni wọ́n máa fi dá a lóhùn, ìyẹn ni pé ẹnu lásán ló fi ń dẹ́rù bà yín.

Ohun tí òfin ń wá ni àmì tó máa ya ọjà yín sọ́tọ̀ sí ti ẹlòmíì. Ó lè jẹ́ orúkọ èèyàn tàbí ti iléeṣẹ́ tí wọ́n kọ lọ́nà àrà ọ̀tọ̀, ó lè jẹ́ sáìnì ọwọ́ yín, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jókòó tẹ́ ẹ dá sílẹ̀ tí ò sí nínú èdè kankan tẹ́lẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ṣe kámẹ́rà Kodak ṣe, tàbí ọ̀rọ̀ tó wà lóòótọ́ àmọ́ tí ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ọjà yẹn, tàbí àmì míì tó dá yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń júwe ọjà pàápàá lè rọ́nà wọlé tẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rí pé ẹ ti lò ó títí tó fi jẹ́ pé tí aráàlú bá ti gbọ́ ọ, ọ̀dọ̀ yín nìkan lọkàn wọn ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí yẹn kì í ṣe ohun kékeré, mi ò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé òun ni kẹ́ ẹ fọkàn tẹ̀. Àwọn kan sì wà tí wọn ò ní gbà láé: ohun tó ń tan èèyàn jẹ (ẹ pe ọṣẹ ní ọṣẹ òrí, kò sì sí òrí nínú ẹ̀), ohun tó lòdì sófin tàbí ìwà ọmọlúàbí, àti ohun tó jọ trademark ẹlòmíì tó ti wà nílẹ̀ lórí irú ọjà kan náà.

Kí lẹ wá ní? Odíde! Ẹ ní odíde mà, ẹ̀yin lẹ ò kà á sí. Ẹ lọ dúró nídìí igbá yín kẹ́ ẹ tẹ́tí sí ohun tí kọ́sítọ́mà ń sọ, ó máa yà mí lẹ́nu tí ẹni kan bá ń pe "Ọṣẹ Dúdú Òṣogbo Àwẹ̀dán" látòkè délẹ̀, àwọn ìyá tí wọn ò mọ̀wé kàn máa ní "ẹ fún mi lọ́ṣẹ olódíde yẹn" ni. (Ó dáa tí wọn ò pè é ní ọṣẹ ẹlẹ́yẹ, ìyẹn ì bá di wàhálà míì.) Odíde ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọṣẹ, kò júwe ọṣẹ, kì í ṣe orúkọ ìlú, àwòrán ẹyẹ yẹn lágbára ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó yí i ká lọ. Ọ̀rọ̀ náà "Olódíde" lórí ọṣẹ, ó ṣeé fi sílẹ̀ tiẹ̀ lọ́tọ̀, tí a bá ti wo inú ìwé Registry tí a ò rí ẹni tó ti mú u. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ọmọ iṣẹ́ yín fi ń bà mí díẹ̀, torí tó bá jẹ́ ẹyẹ yẹn ló fi ránṣẹ́ l'Abuja tí kì í ṣe orúkọ, ó gbọ́n jù bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ẹjọ́ kan wà tí mo máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà mi. Iléeṣẹ́ Ferodo tó ń ṣe bíréèkì mọ́tò gbé Ibeto lọ sí kóòtù, wọ́n ní páálí tí Ibeto fi ń ta bíréèkì tiẹ̀, tó pe orúkọ ẹ̀ ní Union, jọ tàwọn jù. Ẹjọ́ náà dé Supreme Court, wọ́n dá a lọ́dún 2004, Ferodo sì pòfo. Kí ló fà á? Orúkọ Ferodo ni wọ́n fi sílẹ̀, wọn ò fi àwọ̀ àti bátànì páálí sílẹ̀, Ibeto ò sì kọ Ferodo sára tiẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lẹ ni, ohun tẹ́ ẹ ò bá fi sílẹ̀, ẹnu lẹ fi ń jẹ ẹ́. Nígbà yẹn páálí tiẹ̀ ṣòroó fi sílẹ̀, ní báyìí òfin Business Facilitation ti 2022 ti fẹ ìtumọ̀ trademark lójú, ìrísí ọjà, páálí tàbí ọ̀rá tẹ́ ẹ fi ń dì í, àti àwọ̀ tẹ́ ẹ pa pọ̀, gbogbo ẹ̀ ti wọ inú ẹ̀.

Nítorí náà bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, àwòrán odíde yẹn ni màá kọ́kọ́ fi sílẹ̀ lóun nìkan, màá fi ọ̀rọ̀ "Olódíde" tẹ̀ lé e, lébẹ́ẹ̀lì lódindi á wá tẹ̀yìn bọ̀ tówó bá wà. Fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan lówó tiẹ̀, mo mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi lébẹ́ẹ̀lì lódindi sílẹ̀, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò sọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ni "Ọṣẹ Dúdú" àti "Òṣogbo" tó wà nínú ẹ̀, ẹ gbà bẹ́ẹ̀, kò pa yín lára. Kíláàsì kẹta ni ọṣẹ ìwẹ̀ àti ìpara wà nínú kíláàsì 45 tí wọ́n pín gbogbo ọjà àti iṣẹ́ sí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń sọ fáyé pé ọṣẹ yín ń wo làpálàpá, kíláàsì karùn-ún ti àwọn oògùn náà ti kàn yín nìyẹn. Ẹ̀tọ́ yín ò kọjá kíláàsì tẹ́ ẹ sanwó fún, ẹni tó bá fi odíde sára ìrẹsì, ẹ máa kí i kú iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yín wá kù. "Mo ti ń ṣe é" ò jọ "mo ti ṣe é" rárá. Tèèyàn bá fi ìwé sílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní ìwé pé àwọn ti rí i gbà, lẹ́yìn náà wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n bá gbà á, lẹ́tà acceptance á jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì máa fi lẹ́tà yẹn yangàn kiri, àwọn míì tiẹ̀ ti ń fi R inú òbírí, àmì pé wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ tán, sára lébẹ́ẹ̀lì nígbà yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin nìyẹn o, TM nìkan ni wọ́n lè lò. Lẹ́yìn acceptance ni wọ́n á gbé àmì náà jáde nínú Trademarks Journal, ìwé tí Registry fi ń kéde àmì, láti ọjọ́ tó bá jáde, oṣù méjì gbáko ni ẹnikẹ́ni tí ò bá fara mọ́ ọn fi lè ta kò ó. Oṣù méjì yìí lọ̀rọ̀ wà mà, ibẹ̀ lẹ ti máa sọ pé kì í ṣe òun ló ni ín. Tẹ́ ẹ bá ta kò ó, òun náà ní oṣù kan láti fèsì, tí ò bá fèsì, wọ́n máa gbà pé ó ti yọwọ́ nìyẹn. Ìgbà tí kò bá sí àtakò, tàbí tí àtakò bá já sí òfo, ni wọ́n tó máa fún un ní sátífíkéètì.

Nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa bẹ lọ́yà tàbí agent yín ni pé kó wá a wò l'Abuja bóyá lóòótọ́ ni ọmọ yẹn fi nǹkan kan sílẹ̀, irú àmì wo, kíláàsì wo, ibo ló dé. Kẹ́ ẹ sì fi tiyín sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, ẹ má dúró de ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí tiẹ̀, torí tí ìwé ẹni méjì tó jọra bá wà níwájú rẹ́jísítírà, ìyẹn ọ̀gá Trademarks Registry, ó láṣẹ láti dá méjèèjì dúró títí kóòtù á fi sọ ẹni tó ni ín tàbí títí ẹ̀yin méjèèjì á fi yanjú ẹ̀, ìyẹn sàn fún yín ju kí tiẹ̀ nìkan máa lọ láìsí ẹni tó dí i lọ́nà. Ká tiẹ̀ ní ó ti gba sátífíkéètì, kóòtù ṣì lè yọ ọ́ kúrò nínú ìwé. Tó bá pé ọdún méje ló máa wá le, nígbà yẹn òfin máa ń gbà pé ó ti fìdí múlẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá lè fi hàn pé jìbìtì ló fi gbà á tàbí pé ó ń tan aráàlú jẹ.

Àti ìbéèrè yín gan-an, ṣé ẹ̀yin lẹ máa yọ orúkọ? Rárá. Òfin ọ̀hún fúnra ẹ̀ dáàbò bo ẹni tó ti ń lo àmì kan láìdáwọ́ dúró kí ẹlòmíì tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó tàbí kó tó fi í sílẹ̀, èyí tó bá ṣáájú nínú méjèèjì, ẹni tó gba ìwé ò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n ẹ máa fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀: lébẹ́ẹ̀lì àtijọ́, risíìtì ìtẹ̀wé tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, waybill tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí Èkó, fọ́tò tẹ́ ẹ gbé sórí Facebook tí déètì wà lára ẹ̀, àwọn kọ́sítọ́mà tó lè jẹ́rìí. Ìwé CAC yẹn náà wúlò níbí, torí déètì tó wà lára ẹ̀.

Nígbà tẹ́ ò tíì ní sátífíkéètì, ẹ ò lè pè é lẹ́jọ́ pé ó fọwọ́ kan trademark yín, òfin sọ bẹ́ẹ̀ ní tààrà. Ẹjọ́ tó ṣí sílẹ̀ fún yín ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní passing off, ìyẹn pé ó ń ta ọjà tiẹ̀ bíi pé tiyín ni. Àwọn Niger Chemists l'Onitsha ló ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 1961, àwọn kan wá ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn ládùúgbò wọn, wọ́n pe tiwọn ní Nigeria Chemists, kóòtù ní kí wọ́n jáwọ́ torí orúkọ ti jọra jù, àwọn èèyàn máa ṣì í. Ohun tó le nínú ẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ọjà yín lórúkọ, pé àwọn èèyàn ń ṣì í mú, pé ó ń pa yín lára. Tẹ́ ẹ bá ti ní sátífíkéètì, ẹ máa fi í sílẹ̀ lórí tábìlì ni, ẹ máa fi ohun tó ṣe hàn, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ sì wà l'Òṣogbo níbí, ẹ ò ní rìn jìnnà.

Kí sátífíkéètì yẹn wá ń ṣe fún yín? Ẹ̀yin nìkan lẹ lè lo àmì yẹn lórí ọṣẹ káàkiri Nàìjíríà (Nàìjíríà nìkan o, ẹni tó bá ń kó ọṣẹ lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó máa tún un fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún). Ọdún méje ló kọ́kọ́ máa lò, ó kéré tán oṣù mẹ́ta kó tó parí, ẹ tún un ṣe, á gba ọdún mẹ́rìnlá, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Dúkìá ni, ẹ lè tà á, ẹ lè fún ẹlòmíì láyè kó máa lò ó kẹ́ ẹ sì máa gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, àwọn ọmọ yín lè jogún ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ tẹ́ ò lò ó fún ọdún márùn-ún gbáko, ẹlòmíì lè ní kí wọ́n yọ ọ́. Kò sì fún yín láṣẹ lórí iṣẹ́ ọṣẹ fúnra ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ lẹ kọ́ ọmọ yẹn, ẹ ò lè gbà á padà, ó lè ṣe ọṣẹ dúdú, ó lè kọ ọ́ sára ẹ̀ pé Òṣogbo ni wọ́n ti ṣe é. Kó wá ẹyẹ tiẹ̀ ni, tàbí kó fi ẹja sí i.

Àbúrò ọkọ yín tó ya odíde yẹn ńkọ́? Ẹ̀rín lẹ máa fi gba èyí, ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin copyright, ẹni tó ya àwòrán ló ni àwòrán, bẹ́ ẹ tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, àfi tí ìwé bá wà pé ó ti yọ̀ǹda ẹ̀. Ọkàn yín lè máa sọ pé mọ̀lẹ́bí ni, mo gbà, ṣùgbọ́n mo ti rí i tí mọ̀lẹ́bí yí padà nígbà tí ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ẹ jẹ́ kó kọ ìwé ojú ewé kan, pé òun fi ẹ̀tọ́ òun lórí àwòrán yìí fún yín, kó sáìnì, kí ẹlẹ́rìí sáìnì, kẹ́ ẹ fún un ní nǹkan. Ẹ ṣe ìyẹn kẹ́ ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Ẹ má lọ gbé fọ́tò ọmọ náà sórí WhatsApp status pé olè ni, ìyẹn á di ẹjọ́ míì tí tiẹ̀ á wá mọ́ lórí yín. Lẹ́tà lọ́yà kan tó dáa ti tó, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fi tiyín sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì pe àwọn òbí ẹ̀ jókòó tẹ́ ẹ bá lè ṣe é, ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ báyìí níbí, pálọ̀ ló ń parí sí.

NAFDAC nìkan ló kù, torí wọ́n máa ń béèrè ẹ̀rí trademark fún orúkọ tó bá wà lára ọjà. Tí ọṣẹ yín bá ti ní nọ́ńbà lọ́dọ̀ wọn lórúkọ Àwẹ̀dán, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun tó ní Olódíde, lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan ni wọ́n mọ̀.